Kí ló dé tí ilẹ̀kùn mọ́tò fi ń fi iná gbé mi lásìkò ọyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tí mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, pá! iná á gbé mi. Rìwáyà ti yẹ bátìrì wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Lánàá, ọmọ tó ń ta epo tún ní àfi kí n gbé kẹ́ẹ̀gì mi kúrò nínú búùtù sílẹ̀ kó tó ta epo sí i, ó ní torí irú iná yẹn náà ni. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ yọ mí lẹ́nu?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, òótọ́ ló sọ, ọmọ yẹn mọṣẹ́ ẹ̀. Kò kan bátìrì rárá, volt 12 péré ni bátìrì mọ́tò, kò lè ta ẹ báyẹn. Ìwọ gan-an lo gbé iná yẹn sára jáde.

Gbogbo nǹkan ló ní ṣáàjì, ìyẹn ohun tó ń fa iná mànàmáná, oríṣi méjì nínú, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù, wọ́n sì sábà máa ń ṣe déédéé ni, ìyẹn la ò fi ń mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ṣòkòtò pólísítà ẹ bá ń gbo ara ìjókòó mọ́tò, ẹlẹ́kítíróọ̀nù, ìyẹn àwọn èérún tíntìntín tó ní ṣáàjì nẹ́gétíìfù, á ṣí kúrò lára ọ̀kan lọ bá èkejì, tó o bá wá dìde, ìjókòó á mú tiẹ̀, ìwọ náà á gbé tìẹ lọ. Kò sí ṣáàjì tuntun kankan níbẹ̀ o, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló pín tí kò dọ́gba. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara nǹkan, ṣáàjì á gba ibẹ̀ yọ́ lọ kó o tó mọ̀. Ọyẹ́ ti gbẹ omi yẹn, bàtà rọ́bà ò tún jẹ́ kó wọlẹ̀, ló bá dúró sí ẹ lára títí tó o fi nàka sí irin.

Kó tó lè ta ẹ tó o fi mọ̀ ọ́n lára, ó ti tó nǹkan bíi volt 3,000. Má jáyà, bí ẹ̀kán omi kan tó já bọ́ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ibi tó ti ń bọ̀ ló ga, omi ọ̀hún ò tó nǹkan.

Oru epo lọ̀rọ̀ wà, torí iná tó kéré débi pé o ò ní mọ̀ ọ́n lára lè ràn án. Bí epo ṣe ń gba inú họ́ọ̀sì ṣàn wọ kẹ́ẹ̀gì ló ń kó ṣáàjì jọ, tí kẹ́ẹ̀gì bá sì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì búùtù, ṣáàjì ò ríbi gbà lọ. Àwọn kan rò pé ti onírin ò léwu, ṣùgbọ́n lórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ṣáàjì ara ẹ̀ lè ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gbé e sílẹ̀, jẹ́ kí irin ẹnu họ́ọ̀sì kan ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí wọ́n á fi ta á tán, kí wọ́n má sì sáré dà á.

Ní ti ilẹ̀kùn, di irin ara ẹ̀ mú kó o tó gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, má fi sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ ẹ á fi kanlẹ̀. Tó o bá gbàgbé, fi kọ́kọ́rọ́ kan irin náà kó o tó fọwọ́ kàn án, iná á ta lẹ́nu kọ́kọ́rọ́, kò ní dùn ẹ́. Aṣọ òwú náà dáa ju pólísítà lọ lásìkò yìí, àmọ́ mi ò ní kó o lọ ra aṣọ tuntun torí ẹ̀ o.