Fíìmù wo ni kéèyàn máa retí lọ́dún tó ń bọ̀, èwo ni kó má gbọ́kàn lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọọdún, tí ọdún bá ti ń parí lọ, mo máa ń kọ orúkọ àwọn fíìmù tí wọ́n ní yóò jáde lọ́dún tó ń bọ̀ sílẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì á sì máa retí wọn. Àmọ́ ìdajì wọn kì í jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá, àwọn kan kì í jáde rárá, èyí tí ariwo rẹ̀ sì pọ̀ jù ló sábà máa ń já wa kulẹ̀. Owó àti àsìkò wa kò tó láti wo gbogbo rẹ̀. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ fíìmù ṣe ń mọ èyí tó yẹ kéèyàn fọkàn sí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yan fíìmù tí wọn yóò fi hàn ní sinimá, oṣù mélòó kan kí fíìmù náà tó jáde, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí n kì í ronú lórí ohun tí ẹ béèrè yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ fíìmù bá kéde kì í ṣe àdéhùn láàárín àwọn àti ẹ̀yin òǹwòran. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi tiwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sáré fi aṣọ lé orí àga níbi àpèjẹ kí ẹlòmíràn má bàa jókòó síbẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ọjọ́ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, tí wọ́n kàn kọ “fíìmù Marvel tí a kò tíì sọ orúkọ rẹ̀” sí i. Kò sí ìwé eré, kò sí òṣèré, ọjọ́ nìkan ló wà ńlẹ̀.

Torí náà, tí ẹ bá ń to orúkọ fíìmù, ibi tí iṣẹ́ dé lórí wọn ni kí ẹ fi tò wọ́n, ẹ fi ọjọ́ sílẹ̀ ná. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ti yà á tán. Ọ̀rọ̀ yìí kì í pamọ́, nítorí pé olùdarí tàbí òṣèré sábà máa ń fi tayọ̀tayọ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí yíyà. Fíìmù tó jẹ́ pé àwọn èèyàn ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé, tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò pọ̀, lè jáde láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. Èyí tí èèyàn ti ń fò, tí ìlú ti ń wó, tí ọkọ̀ ti ń jà lójú ọ̀run máa ń gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n á máa tún àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe, kí wọ́n tó fi orin àti ìró sí i. Tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ṣì ń ya irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní, tí wọ́n sì ní oṣù Keje ọdún kan náà ló ń jáde, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kàtúùnù tiẹ̀ tún lọ́ra jùyẹn lọ. Kí wọ́n lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lórí ẹyọ kan kì í ṣe ohun ìyanu.

Ní ti àwọn tí wọ́n ń sún ọjọ́ wọn síwájú, ẹ má tètè bínú sí wọn. Oṣù Keje ọdún 2019 ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún Top Gun: Maverick. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹfà ọdún 2020 kí wọ́n lè ráyè parí àwọn ìran inú òfurufú rẹ̀ bó ṣe yẹ, àrùn Kòrónà wá wọlé dé, sinimá kárí ayé sì ti ilẹ̀kùn. Oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ló tó jáde, ó sì pa owó tó sún mọ́ bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Avatar àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Wọ́n ní èkejì ń bọ̀ ní 2014, àmọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2022 la tó rí i, owó tó pa sì lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹni tó bá ti pa orúkọ fíìmù náà rẹ́ nínú ìwé nítorí pé ó pẹ́, ara rẹ̀ ló fi nǹkan ńlá dù.

Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìdí tí wọ́n fi sún un, àti bí ibi tí wọ́n sún un lọ ṣe jìnnà tó. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, bíi ti Spider-Man: Brand New Day tí wọ́n gbé láti ọjọ́ 24 lọ sí ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2026, ọ̀rọ̀ àyè lásán ni. Tó bá jẹ́ oṣù mẹ́rin, tí fíìmù náà sì ti parí, ó lè jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóde ló fà á. Dune: Part Two ti wà nílẹ̀ fún oṣù Kọkànlá ọdún 2023 kí àwọn òṣèré Hollywood tó bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún náà. Òṣèré tó ń yanṣẹ́lódì kò gbọ́dọ̀ polówó fíìmù, ta ló máa wá jókòó níwájú àwọn oníròyìn? Wọ́n gbé e lọ sí oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn tó wò ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Èyí tó máa ń kọ mí lóminú ni fíìmù tí wọ́n ń sún léraléra nígbà tí wọn kò tíì yà á rárá. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n dá fún The Batman Part II. Wọ́n gbé e sí 2026, wọ́n tún gbé e sí 2027, ìwé eré tí kò tètè délẹ̀ sì wà lára ohun tó fà á. Kò túmọ̀ sí pé kò ní dára, àmọ́ ẹ má fi sínú ìwé ọdún kankan títí ẹ ó fi gbọ́ pé kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Yíyà gan-an kò sì ní kéèyàn fọwọ́ sọ̀yà tán. Wọ́n ti ya Batgirl tán kí Warner Bros. Discovery tó sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 pé àwọn kò ní gbé e jáde mọ́. Wọ́n ti parí Coyote vs. Acme náà kí ilé-iṣẹ́ kan náà tó fẹ́ pa á tì ní ọdún 2023. Ariwo tí àwọn èèyàn pa kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì rà á lọ́dún 2025. Iṣẹ́ àṣelàágùn àwọn èèyàn nìyẹn o, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Sinimá IMAX náà wà lára ohun tí wọ́n ń jà sí. Sinimá tó ní ojú ràgàjì yìí kò pọ̀ láyé, fíìmù ńlá méjì kò sì lè pín in láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Mission: Impossible – Dead Reckoning jáde ní ọjọ́ 12, Oppenheimer dé ní ọjọ́ 21, ó sì gba IMAX mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ti fi àyè náà sílẹ̀ de Christopher Nolan, olùdarí Oppenheimer, tipẹ́tipẹ́. Nǹkan bí sinimá 30 péré ní gbogbo ayé ló fi ẹ̀dà IMAX onímìlímítà 70 rẹ̀ hàn, ìyẹn èyí tó wà lórí rọ́ọ̀lù fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 70. Ẹ̀dà kan ṣoṣo gùn ju kìlómítà 17 lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 270. Orí àwo irin ńlá kan ni wọ́n ń ká a sí, tí yóò máa tú jáde lọ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ní láti fẹ etí àwo náà sí i kí ó tó lè gbà á. Fíìmù tí wọ́n bá ti pèsè irú nǹkan báyìí sílẹ̀ fún kì í dédé yẹ ọjọ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mìlímítà 70 ti The Odyssey, fíìmù Nolan mìíràn, ti wà lórí àtẹ ní oṣù Keje ọdún 2025, odidi ọdún kan ṣáájú ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2026 tí wọ́n dá fún un. Tí ẹ bá rí irú èyí, ẹ kọ ọ́ sí òkè.

Ẹ tún sọ pé èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ló ń já yín kulẹ̀. Trailer, ìyẹn fídíò kékeré tí wọ́n fi ń polówó fíìmù, ló ń fa púpọ̀ nínú ìyẹn. Olùdarí fíìmù kọ́ ló sábà máa ń ṣe é. Àwọn onípolówó ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà fún, nígbà mìíràn kí wọ́n tó to fíìmù fúnra rẹ̀ tán. Ọ̀pọ̀ ìran tó wà nínú trailer Rogue One lọ́dún 2016 ni kò sí nínú fíìmù nígbà tó jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń wo trailer fún yín. Mo máa ń kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, torí pé orin wọn lágbára ju àwòrán lọ, òun ló sì ń gbé èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá ibi tí ìran kan ti dúró pẹ́ díẹ̀, tí òṣèré kan sọ̀rọ̀, tí èkejì gbọ́, tí ojú rẹ̀ yí padà, tó sì fèsì. Tí n kò bá rí ẹyọ kan irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó jẹ́ pé iná àti ìbúgbàù ló kún ibẹ̀, mo máa ń gbà pé wọ́n ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí n rí. Ẹ tún máa wo ọjọ́ tí wọ́n gba àwọn oníròyìn láyè láti sọ èrò wọn. Ilé-iṣẹ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú. Èyí tó ní kí wọ́n panu mọ́ títí di alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí fíìmù máa jáde ń bẹ̀rù ẹnu wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ yí ojú sí gan-an wà níbòmíràn. Àwọn fíìmù tó dájú jù lọ pé ẹ máa rí lọ́dún tó ń bọ̀ ni àwọn tí wọ́n ti fi hàn lọ́dún yìí níbi àwọn àjọ̀dún fíìmù, ìyẹn Berlin ní oṣù Kejì, Cannes ní oṣù Karùn-ún, Venice ní ìparí oṣù Kẹjọ, Toronto ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ti parí wọn, àwọn èèyàn ti wò wọ́n, ẹ sì lè ka ohun tí ẹni tó wò ó sọ. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tàn ká ayé ni. Parasite gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, síbẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2020 ló tó dé sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú oṣù kan náà tó gba Oscar fíìmù tó dára jù lọ. Ẹni tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti Cannes ti ní oṣù mẹ́jọ láti fi retí ohun tó dájú. Mo fẹ́ràn irú ìretí yẹn ju ti fíìmù tí kò tíì ní ìwé eré lọ. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ìdajì ohun tí mo máa kọ sílẹ̀ ni yóò ti ibẹ̀ wá.

Ní ti owó, ẹ má ro pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ wò ní sinimá. Kí Kòrónà tó dé, nǹkan bí ọjọ́ 90 ni fíìmù ńlá máa ń lò kó tó di ohun tí èèyàn lè wò nílé. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 45 lọ. Ẹ pa owó sinimá mọ́ fún èyí tí wọ́n dìídì yà fún ojú ńlá, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù bá yín nílé.

Ó ku ti àwọn ọmọ. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún ọmọdé kò ní kó jẹ́ èyí tí ìpolówó rẹ̀ gba ìgboro. Flow, kàtúùnù tí Gints Zilbalodis ará Latvia darí, kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú. Ológbò kan àti àwọn ẹranko mìíràn ló wà nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tí omi bo ayé. Blender, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbà, ni wọ́n fi ṣe é. Cannes ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 2024, ó sì gba Oscar kàtúùnù tó dára jù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 lójú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ọmọ ọdún mẹ́fà àti bàbá àgbà lè jọ wò ó láìsí ẹni tó máa túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú rẹ̀ máa ń wà lọ́dọọdún, ẹ máa wo àwọn kàtúùnù tí wọ́n bá fi hàn ní àwọn àjọ̀dún wọ̀nyẹn. Ẹ má sì dá ọjọ́ fún àwọn ọmọ títí tíkẹ́ẹ̀tì yóò fi jáde, torí pé àsìkò yẹn náà ni àwọn tó ń pinnu ọjọ́ orí ẹni tó lè wo fíìmù sábà máa ti parí iṣẹ́ wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ kàn sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́.