Táyà "summer" kì í ṣe táyà ẹ̀ẹ̀rùn: ìdáhùn fún oní-Z4 kan ní Òkè Fíà

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra BMW Z4 tòkunbọ̀ kan, ti ọdún 2006, tí wọ́n kó wá láti Kánádà. Òkè Fíà ni mò ń gbé, ní Òṣogbo níbí. Ríìmù 18 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ti ẹ̀yìn sì fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Ojú táyà náà ṣì ga dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá ya kọ́nà, ṣe ló dà bí ẹni pé orí fóòmù ni ọkọ̀ náà ń sáré. Ẹni tó ń ta táyà ní kí n ra "summer". Àbúrò mi ní táyà ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn, pé tí òjò bá dé màá tún nílò "winter", kí n tọ́jú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ de oṣù kẹfà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Tí mo bá sì rà á, báwo ni kí wọ́n ṣe dè é tí ríìmù mi kò fi ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọkọ̀ o. Á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀. Ẹni tó ń ta táyà ló jàre nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí àbúrò yín má bínú. N kì í sábà gbè lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà, nítorí náà kí ẹ mọ̀ pé ó dá mi lójú.

Orúkọ yẹn ló ń da ọ̀rọ̀ rú. "Summer" tí wọ́n ń wí, ìgbà ooru ilẹ̀ òkèèrè ni, òjò sì ń rọ̀ nígbà ooru tiwọn náà. Omi kọ́ ló ya táyà méjèèjì sọ́tọ̀, òtútù ni. Rọ́bà a máa le gbandi nínú òtútù, bí àmàlà àná. Wọ́n wá po rọ́bà táyà winter kí ó lè máa rọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ju 7°C lọ. Ti summer, wọ́n pò ó kí ó lè dúró gírí nínú ooru. Láàárọ̀ ọyẹ́ tó burú jù lọ ní Òṣogbo, tí ètè ń bẹ́, tí ọlọ́kadà wọ kóòtù méjì léra, a kò sún mọ́ 7 rárá. Láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, "summer" la wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín. Tí ẹ bá rí àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ òjò dídì kan wà nínú rẹ̀, táyà òtútù ni. Ẹ óò tún rí ilà wẹ́wẹ́ tó pọ̀ lójú rẹ̀, bí ẹni fi abẹ gbẹ́ ẹ. Kò yà mí lẹ́nu pé Kánádà ló ti wá. Ní Québec, òfin ló ní kí ọkọ̀ wọ táyà òtútù láti 1 oṣù kejìlá títí di 15 oṣù kẹta. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ sí òkè òkun kì í fi táyà tó dára jù lọ sẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ojú tó ga tí ẹ rí yẹn gan-an ló ń ṣe yín bí fóòmù. Rọ́bà rírọ̀, tó ga, tí abẹ ti là sí wẹ́wẹ́: tí ẹ bá ya kọ́nà lójú títì gbígbóná, ṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí táyà tó di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ ìsáré bíi Z4, tó máa ń gbọ́rọ̀ sítíárì lẹ́ẹ̀kan náà, á wá di ọ̀lẹ. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ bíréèkì lójijì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí yóò gba ilẹ̀ púpọ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Rọ́bà náà yóò sì tètè jẹ tán.

Òjò wá ńkọ́? Kòtò gbọọrọ tó yí táyà summer ká ló ń fa omi kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí kòtò yẹn bá ṣì jìn, ẹ lè wakọ̀ nínú òjò oṣù keje láìfòyà. Táyà tuntun sábà máa ń jìn tó mílímítà 8. Ibi tí wọ́n fi àmì TWI sí, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán, 1.6 ni, òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló fi ibẹ̀ ṣe òpin. Èmi kì í dúró de 1.6 fún táyà tó fẹ̀ tó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Bó ṣe fẹ̀ tó yẹn, tó bá ti kù sí 3, omi lè gbé e léfòó lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán bí ọkọ̀ ojú omi, sítíárì á sì ṣófo lọ́wọ́ yín. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 3.

Kí ẹ tó ronú àtitọ́jú èyí tó wà níbẹ̀ de oṣù kẹfà, ẹ wá DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 3815 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún 2015. Táyà tó ti lé ní ọdún 10, ojú rẹ̀ ìbáà ga bí òkè, n kò ní dè é fún ẹnikẹ́ni. Láti ọdún karùn-ún ló ti yẹ kí ẹni tó mọṣẹ́ táyà máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Ẹ má tà á fún ẹlòmíì. Ẹ má sì fún àwọn tó ń fi táyà sun pọ̀nmọ́, nítorí inú ọbẹ̀ wa ló ń padà sí. Àwọn kan ń gbin ewébẹ̀ sínú rẹ̀. Ìyẹn tún sàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti èyí tí ẹ óò rà. Fún ríìmù 18 ti Z4 yín, ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń fi síwájú ni 225/40 R18, tẹ̀yìn 255/35 R18. 225 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà; 40 ni ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tó jẹ́ gíga ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹ ṣírò rẹ̀: tiwájú ga ní mílímítà 90, tẹ̀yìn 89. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ga bákan náà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi 255/45 sẹ́yìn "kí ó lè gba kòtò," ẹ kí i kí ẹ máa lọ, nítorí yóò da ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ há nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, lọ́kàn rú, kò sì ní gba abẹ́ ọkọ̀ dáadáa. Ẹ tún wo lẹ́tà ìsáré lẹ́yìn ìwọ̀n náà: V ni 240 kìlómítà ní wákàtí kan, W ni 270, Y ni 300. Ẹ kò ní sá tó bẹ́ẹ̀ láti Ọláìyá dé Ìgbọ̀nà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn náà ló ń sọ bí táyà ṣe lè fara da ooru tó, ooru sì pọ̀ níbí. N kò ní rà á kí ó wálẹ̀ ju W lọ fún ọkọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní lo ríìmù 18 mọ́. Mílímítà 90 kò tó nǹkan láàárín ríìmù yín àti àwọn kòtò wa. Ríìmù 17 wà fún Z4 yìí láti ilé iṣẹ́, 225/45 R17 lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ga tó 101, gbogbo ẹsẹ̀ á sì ga bíi tàtẹ̀yìnwá, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó mílímítà 3. Sẹ̀ǹtímítà kan péré lẹ ní lórí i, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pinnu bóyá ríìmù á ya tàbí kò ní ya. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ lè gbé ti iwájú sẹ́yìn kí wọ́n lè jẹ bákan náà. Pẹ̀lú 18 tí ẹ̀yìn fẹ̀ jù, ẹ kò lè ṣe é. Tó bá jẹ́ Z4 M ni o, ẹ má gbọ́ tèmi, bíréèkì rẹ̀ tóbi, ríìmù 17 lè má gbà á. Tí ẹ bá ń wá ríìmù lọ́jà, ihò bóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 5×120, ihò àárín rẹ̀ 72.6. Tí ihò àárín bá tóbi jù, ẹ fi òrùka sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítíárì á máa gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Tí wọ́n bá kọ RSC tàbí "run flat" sára táyà àtijọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le débi pé ó lè ru ọkọ̀ láìsí afẹ́fẹ́, tó bíi kìlómítà 80, kí ẹ má sá ju 80 lọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ó le bí pákó lójú ọ̀nà wa. Àwọn oníbàárà mi kan ti sá kúrò nídìí rẹ̀. Táyà lásán ni èmi náà á rà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Z4 yìí kò ní ẹsẹ̀ àfipamọ́ nínú búùtù. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná ọkọ̀ fọn táyà, pẹ̀lú oògùn dídí ihò.

Dídè rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Ẹ má gbé ríìmù aluminíọ̀mù lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó ń fi irin méjì àti òòlù yọ táyà, bó ti wù kí ó mọṣẹ́ tó. Ọdọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ni kí ẹ lọ, ẹ sì wo ọwọ́ ẹ̀rọ náà bóyá rọ́bà tàbí ike wà lẹ́nu rẹ̀. Ọṣẹ táyà ni kí wọ́n fi pa etí rẹ̀, kì í ṣe gíríìsì tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ń fọn ún, ẹ óò gbọ́ "gbà!" lẹ́ẹ̀mejì bí etí rẹ̀ ṣe ń jókòó. Tó bá dé 40 psi tí kò jókòó, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tún ọṣẹ fi. Ẹni tó bá fa bẹntiróò àti ìṣáná jáde láti fi mú un jókòó, ẹ gba táyà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Fáàfù tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Owó kékeré ni.

Tí wọ́n bá kọ OUTSIDE sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìta ni ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí. Tó bá jẹ́ ọfà àti ROTATION ló wà níbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí sí nígbà tó ń lọ síwájú ni ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Mo ti rí ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n dè ní ìdàkudà, tó ń kó omi jọ dípò kó máa lé e.

Lẹ́yìn náà, bálánsì, kí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ inú ríìmù níbi tí kò ti ní ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà ojú họ́ọ̀bù. BMW kì í lo nọ́ọ̀tì, bóòtù ló ń lò, tí ẹ óò gbé ríìmù lé họ́ọ̀bù kí ẹ tó fi wọ́n sí. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo bóòtù náà. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọmọ iṣẹ́ mi kan, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, fi gọ́ọ̀nù afẹ́fẹ́ gbá ọ̀kan wọlé lójú kan náà. Ó wọ̀ wíwọ́, ó jẹ eyín inú họ́ọ̀bù run, èmi ni mo sì san owó họ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, gọ́ọ̀nù wà fún títú nìkan ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí wọ́n máa fún bóòtù le bí ẹni ń ya ìràwọ̀, kì í ṣe yíyí po, kí wọ́n sì fi ṣúpánà oníwọ̀n parí rẹ̀ sí 120 Nm. Eyín bóòtù gbọ́dọ̀ gbẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, bíi ẹni lọ Iléṣà tó padà, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Fún kìlómítà 300 àkọ́kọ́, ẹ rọra wakọ̀, nítorí ojú táyà tuntun máa ń yọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àtẹ́lẹwọ́ wọn afẹ́fẹ́ táyà yìí. Ìwọ̀n rẹ̀ wà lára sítíkà ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ẹ ra géèjì tiyín, kí ẹ máa wò ó láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò nílé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá ti rìn jìnnà, ooru lè fi psi 4 tàbí 5 kún un. Ẹ má tú u jáde, tó bá tutù ẹ óò rí i pé ẹ ti dín in kù jù.

Tí ẹ bá bọ́ sí kòtò ńlá, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ táyà láti inú àti láti ìta. Bó bá yọ gẹ̀gẹ̀, okùn inú rẹ̀ ti já nìyẹn, kò sí àtúnṣe, ó lè bẹ́ nígbàkugbà. Ìṣó tó wọ ojú táyà, a lè fi páàṣì dí i láti inú. Èyí tó wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rárá. Fífi tíúùbù sínú irú táyà yìí náà, rárá. Àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ fẹ́ràn láti fi díísù pa táyà kó lè dán. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi mọ síbẹ̀, nítorí díísù máa ń jẹ rọ́bà. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú nìkan lẹ ń gbé Z4 yìí jáde, ẹ ta aṣọ lé e, kí oòrùn má ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa sún un díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kí ìsàlẹ̀ táyà má tẹ́.

Inú etí táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ máa fọwọ́ wò lóṣooṣù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ, ẹni tó bá dúró níta kò ní rí i. Tó bá jẹ kíákíá, aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó gún, ló kù.

Kí ẹ tó gbéra wá síbikíbi, ẹ wo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bóòtù kan nínú márùn-ún lè yàtọ̀, èyí tó ń dènà olè nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sábà máa ń wà nínú búùtù, níbi tí wọ́n kó irinṣẹ́ sí. Ẹ wá a lónìí, ní ilé, kì í ṣe nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lórí jáàkì.