Éésì tí wọ́n ń fi gáàsì kún lọ́dọọdún

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akóbò n'Ìbàdàn ni mò ń gbé. Éésì 1.5 hp kan wà ní yàrá wa, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń lò ó. Ọdọọdún ni oníṣẹ́ tó bá wa gbé e sógiri máa ń wá fi gáàsì kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tó fi kún un ni kò tutù dáadáa mọ́. Omi ń kán wá sára ògiri, mo sì rí yìnyín lára páìpù. Ó ní gáàsì ti tán, kí n tún mówó wá. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Ta ló jàre? Kí ni èmi fúnra mi sì lè máa ṣe kó má baà máa rí báyìí?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, mà. Ọkọ yín ló jàre jù, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe oníṣẹ́ yín ní òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kí gáàsì inú éésì yín ti dín lóòótọ́. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni pé kó kàn "tán" bẹ́ẹ̀.

Gáàsì éésì kò dà bí epo mọ́tò tàbí gáàsì ìdáná. Alábàárù ni. Inú yàrá ló ti ń gbé ẹrù ooru, á gba inú páìpù bàbà jáde, á sọ ẹrù náà kalẹ̀ níta, á sì padà wọlé lọ́wọ́ òfo láti wá gbé òmíràn. Alábàárù kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé éésì sógiri. Èyí tí wọ́n so dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá láìsí ẹni tó fi gáàsì kún un. Bí gáàsì bá dín, ó jò ni. Ẹni tó ń fi kún un lọ́dọọdún tí kò wá ibi tó ti ń jò, inú ajere ló ń bu omi sí.

Àmọ́ kí ẹ tó máa wá ibi tó ń jò, ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Fáànù inú éésì ń fa afẹ́fẹ́ yàrá kọjá lára kọ́ìlì tútù, ìyẹn páìpù bàbà tó ká jọ síbẹ̀. Bí asẹ́ iwájú rẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á dín, alábàárù wa kò ní rí ẹrù tó pọ̀ tó gbé, kọ́ìlì á wá máa tutù sí i títí yóò fi wọ ìsàlẹ̀ 0°C. Omi inú afẹ́fẹ́ á dì mọ́ ọn lára, yìnyín yẹn náà á tún dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sí i. Gáàsì tó dín máa ń fa irú yìnyín kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kàn rí yìnyín tó ké "gáàsì!" kò fi tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, ọ̀gá rán mi lọ sílé oníbàárà kan. Mo rí yìnyín, mo so gééjì mọ́ ọn, gééjì ní gáàsì kéré, mo bá rọ òmíràn sí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù, fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, tó ń kú fúnra rẹ̀. Ọ̀gá dé ibẹ̀, ó yọ asẹ́. Eruku orí rẹ̀ nípọn bí òwú inú tìmùtìmù. Ó fọ̀ ọ́, ó fa gáàsì tí mo fi kún un jáde, ó wò mí títí, kò sọ̀rọ̀.

Torí náà, ẹ pa éésì yẹn kí yìnyín yọ́. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ fi rìmóòtù gbé e sórí fáànù nìkan fún bíi wákàtí méjì. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí ṣíbí họ ọ́ o. Bí ẹ bá lu páìpù kọ́ìlì, gáàsì yóò wá tán lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ asẹ́, kí ẹ tún un tàn. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta láìdì, ẹ ti rí ọ̀daràn. Bí asẹ́ bá mọ́, tí fáànù ń fẹ́ dáadáa, tí yìnyín sì tún padà, yálà kọ́ìlì ti dọ̀tí nínú tàbí gáàsì ń jò. Ìyẹn ti kọjá ọwọ́ yín.

Asẹ́ fífọ̀ kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibi bíréékà ni kí ẹ ti pa iná, kì í ṣe rìmóòtù nìkan. Ẹ ṣí ìdérí iwájú sókè, ẹ rọra fa asẹ́ jáde. Méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Omi àti ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kí omi gba ẹ̀yìn asẹ́ wọlé, kí eruku lè padà síbi tó ti wá. Omi gbígbóná á ká a kò. Ẹ sá a sábẹ́ ibòji, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Lásìkò ọyẹ́, láti bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni. Àwọn oṣù tó kù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù; bí títì iwájú ilé yín bá jẹ́ eléruku, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti omi ara ògiri ńkọ́? Bí ife omi tútù ṣe ń làágùn ni kọ́ìlì náà ṣe ń làágùn. Lásìkò òjò, éésì bíi tiyín lè mú lítà omi kan jáde ní wákàtí kan. Inú àwo kan lábẹ́ kọ́ìlì ló ń kán sí, kó tó gba inú rọ́bà lọ síta. Èérí tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá ló máa ń dí rọ́bà yẹn, tàbí kí kòkòrò kọ́lé sí i. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́ tí omi kò kán níta, ó ti dí. Ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ sókè níbì kan, tàbí ẹnu rẹ̀ rì sínú omi garawa. Yìnyín tó bá ń yọ́ náà máa ń kún àwo yẹn lójijì, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí wàhálà méjèèjì yín jẹ́ ọ̀kan.

Apá ìta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni alábàárù ti ń sọ ẹrù. Bí eruku tàbí ewé bá bo ẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ru ẹrù dé ẹnu géètì tó bá a ní títì pa. Mo ti bá aṣọ tí wọ́n sá lé e lórí, mo ti bá ẹyin alángbá níbẹ̀. Kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ̀ẹ̀kan bọ́ sí oṣù kẹta tí ọyẹ́ bá ti lọ. Omi tó rọra ń tú ni kí wọ́n lò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò á tẹ àwọn awẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn pọ̀. Ẹ má ṣí àpótí iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Capacitor, ẹ̀yà kékeré kan nínú ibẹ̀, máa ń pa iná mọ́, ó sì lè gbé ènìyàn lẹ́yìn tí NEPA ti mú iná lọ.

Bí iná bá sì dé, ẹ má sáré tan éésì. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, nítorí kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú kì í lè yí lójú ẹsẹ̀, á kàn máa gbóná. Ẹ gbé e sí 24 tàbí 25. Éésì lásán tí wọ́n gbé sí 16 kì í torí ìyẹn tètè tutù, wọ́n kàn sọ fún un pé kó má sinmi ni. Àwọn ará Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n pín sí ìpele tí iná ń pẹ́ jù lójúmọ́, tí wọ́n gbé yúnítì iná kan dé náírà 225 fún lóṣù kẹrin ọdún 2024, kò nílò kí n ṣírò ìyẹn fún wọn.

Bó bá wá jẹ́ pé ó ń jò, ibi tí nọ́ọ̀tì ti so páìpù pọ̀ ni mo sábà máa ń bá a. Àmì epo máa ń wà níbẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìhó ọṣẹ la fi ń dá a mọ̀. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á fi nitrogen dán páìpù wò. Kó má lo oxygen láé, nítorí oxygen pẹ̀lú epo kọ̀mpírẹ́sọ̀ lè bú gbàmù. Á dí ojú ibẹ̀, á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù tán, kó tó wọn gáàsì sí i lórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n rẹ̀ àti irú gáàsì, R22, R410A tàbí R32, wà nínú ohun tí wọ́n kọ sára apá ìta. Wọn kì í lú wọn pọ̀, R32 sì lè gbiná. Ẹni tó kàn fọwọ́ kan páìpù tó ní "ó ti tó", kò wọn nǹkan kan.

Ní Sátidé yìí, ẹ fọ asẹ́, kí ẹ wo ẹnu rọ́bà omi. Bí yìnyín bá tún padà, ẹ pe oníṣẹ́ yín, ẹ má bá a jà. Bó bá ní gáàsì ti lọ, ẹ ní kó fi ibi tó gbà lọ hàn yín kí ẹ tó mówó jáde.