Adìyẹ mẹ́fà tó ilé yín, ẹ má ra àádọ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Tíṣà ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì ni. Èmi, ọkọ mi àti ọmọ-ọmọ wa méjì la jọ ń gbé ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn. Ẹ̀yìnkùlé wa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ó fẹ̀ tó 20. Mo fẹ́ yọ nínú owó ìfẹ̀yìntì mi ra adìyẹ àgíríìkì 50, kí n gbin ẹ̀fọ́ sí ìyókù, kí n má máa ra ẹyin àti ẹ̀fọ́ lọ́jà mọ́. Ọmọ mi ní kí n fi ehoro àti ìgbín kún un. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Màámi, ẹ kú ìsinmi o. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀fọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn, kí adìyẹ tó dé. Bó bá sì máa dé, kó má ju mẹ́fà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Adìyẹ àgíríìkì kan tó ń yé ń jẹ tó gíráàmù 120 lójúmọ́. Àádọ́ta á jẹ kílò 6, àpò oúnjẹ oníkílò 25 kò ní í pé ọjọ́ márùn-ún tó fi máa tán. Ẹyin tí ẹ óò máa kó lójúmọ́ á ju kíréètì kan lọ. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ tán? Ẹ ti di oníṣòwò nìyẹn, ẹ óò máa wá oníbàárà kiri lẹ́yìn tí ẹ ti ní ẹ fẹ́ sinmi. Mẹ́fà ní tiwọn á jẹ àpò kan fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n á sì yé mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́, bíi kíréètì kan lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan ládùúgbò yín, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kíréètì márùn-ún. Iye tó bá ṣẹ́ kù láàárín méjèèjì ni èrè yín, kì í sì í pọ̀ rárá. Ìgbẹ́ wọn ló ń jẹ́ kó tọ́ sí i, torí òun ló máa bọ́ ẹ̀fọ́ yín.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀fọ́ ṣáájú ni pé kì í pẹ́. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá fọ́n lónìí, ẹ óò máa jẹ ẹ́ bó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ọ̀kan ewédú, kí ata àti ilá wà létí ògiri, kí ewúro dúró ní igun kan, òun kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má fa ṣọkọ tu. Ẹ gé e kó ku bí ìka mẹ́ta nílẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka. NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, kò kúkú jìnnà sí yín, ní Ìdí-Ìṣìn. Ẹ lè yà síbẹ̀ béèrè irúgbìn tó dáa.

Ewédú yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn èèyàn àti ẹni tó ta irúgbìn fún wọn. Wọ́n á gbìn ín, kò ní í hù, wọ́n á ní ayédèrú ni. Irúgbìn kò ṣẹ̀ o. Èèpo hóró ewédú le débi pé omi kì í ráyè wọ inú rẹ̀. Ẹ da hóró náà sínú asẹ́, ẹ gbé omi kaná títí yóò fi máa hó, ẹ ri asẹ́ náà bọ̀ ọ́, ẹ ka ení dé èje, ẹ yọ ọ́, ẹ sì da omi tútù lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Ẹ sá a kó gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má dán èyí wò lára tẹ̀tẹ̀ o, ẹ óò kàn sè é ni.

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kì í ṣe ajílẹ̀. Èmi alára, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ sin adìyẹ, mo bù ú sídìí ata. Kó tó di ọjọ́ kẹrin, gbogbo ewé ti rọ bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé. Ẹ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀ igi tí wọ́n ń kó dànù ní sọ́míìlì, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá tọwọ́ bọ àárín rẹ̀ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn ilẹ̀ ló ń rùn, ó ti ṣe é lò.

Tí ẹ bá máa ra adìyẹ, èyí tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni kí ẹ rà, ẹ fi òròmọ sílẹ̀ fún ẹni tó lágbára àtimáa yẹ̀ ẹ́ wò lóru. Ẹ kò nílò àkùkọ kí wọ́n tó yé. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pa ọmọ ló ń wá a. Àjẹkù ilé ìdáná dáa, àmọ́ kó má di gbogbo oúnjẹ wọn, wọn ò ní í yé mọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa lóòrùn nítorí májèlé inú rẹ̀. Àgbàdo tó bá bu, ẹ dà á nù.

Ohun tó máa pa wọ́n gan-an ni àrùn tí òyìnbó ń pè ní Newcastle. Àsìkò ọyẹ́ ló máa ń jà jù. Adìyẹ á máa yàgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn á lọ́, àgọ́ á sì dá páro láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kò ní oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló wà, èyí tí a ń kán sí wọn lójú sì wà níbẹ̀, tí ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe. Ìgò kan tó fún ọgọ́rùn-ún adìyẹ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá sì ti pò ó, ọjọ́ náà ni kí ẹ lò ó. Nítorí náà, ẹ pe àwọn aládùúgbò tó ń sin adìyẹ, kí ẹ dáwó rà á, kí dókítà ẹran kan wá kán an sí adìyẹ gbogbo yín lójú lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ tún un ṣe. Inú yìnyín ni kí wọ́n gbé e wá o. Èyí tó ti jókòó sínú báàgì nínú ọkọ̀ èrò, agbára rẹ̀ lè ti lọ.

Ehoro lè dúró dé ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ 31 péré ló fi ń lóyún, ọmọ rẹ̀ á kún ilé kí ẹ tó mọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ yín á sì ti fún gbogbo wọn lórúkọ. Ta ni yóò wá pa wọ́n jẹ? Ìgbín kò ní ariwo, àmọ́ ó ń pẹ́ ju ọdún kan lọ kó tó tóbi, ìjàlọ sì lè pa á tán lóru ọjọ́ kan.

Ẹ kò sọ ibi tí kànga yín wà. Kò yẹ kí ilé adìyẹ wà lókè rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀, òjò á fọ ìgbẹ́ wọ inú omi. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó pe káfíńtà.