Ọmọ mi ní kí n máa wo àwòrán nítorí orúnkún tó ń dùn mí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 68 ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí làkúrègbé ti wà lórúnkún mi méjèèjì, ó sì ti gun ìbàdí báyìí. Bàbá àwọn ọmọ ti lọ ní 2019, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jápa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sì máa ń lọ síléèwé láti àárọ̀, torí náà tó bá ti di ọ̀sán, èmi àti ògiri ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Calgary wá ra táábù ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n máa wo àwòrán àwọn mùsíọ́ọ̀mù lórí ẹ̀, pé ó ń dín ìrora kù, pé kò ní jẹ́ kí n máa dá nìkan wà. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń gbé Diclofenac mì lójoojúmọ́ tí kò ràn án, ṣé àwòrán ló wá máa ràn án? Mi ò fẹ́ ya aláìmoore, àmọ́ ṣé òótọ́ wà ńbẹ̀ àbí ó kàn fẹ́ fi pa mí lẹ́nu mọ́ ni? — Ìyá Tíṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrora Mà, ẹ kú àfaradà. “Èmi àti ògiri” yẹn wọ̀ mí lára gan-an ni. Ní 2021 ẹ̀yìn mú mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dùbúlẹ̀ gbalaja, mo mọ gbogbo ibi tí POP òkè yàrá mi ti sán bí ẹní mọ ABD, torí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè ṣe. Àwòrán ò lè tún orúnkún ṣe. Nǹkan tó máa ń mú kí eegun méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jẹ́jẹ́ ló ti jẹ, kò sí àwòrán tó máa dá a padà, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà ló fẹ́ tà. Àmọ́ orúnkún kọ́ ló ń mọ ìrora o, ọpọlọ ni. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ni, ọjọ́ tí orí bá fọ́ yín jí láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá ti mú ṣọ́ọ̀kì dání tẹ́ ẹ dojú kọ bọ́ọ̀dù, ẹ ò ní mọ̀gbà tí orí fífọ́ náà máa lọ, àfi tí aago jíjáde bá lù tẹ́ ẹ jókòó sí sítáfùrúùmù, ló bá tún dé. Kò lọ síbì kankan, ọpọlọ yín ni ò ráyè tiẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì kan, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1965, wọ́n ní ó dà bíi pé géètì kan wà ní ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìrora máa gbà kọjá kó tó dé orí, pé ọpọlọ fúnra ẹ̀ sì lè ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n ti géètì yẹn díẹ̀. Àìsùn, ìbànújẹ́, kéèyàn jókòó lóun nìkan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, gbogbo ìyẹn ló máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ìdí nìyẹn tí orúnkún yín fi ń le jù lọ́sàn-án tí ilé bá dá (ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fura).

Ṣé wọ́n ti wá fi àwòrán gan-an dán an wò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2008 àwọn kan ní Yunifásítì Bari ní Ítálì kó àwòrán sílẹ̀, wọ́n ní káwọn èèyàn fúnra wọn yan èyí tó rẹwà lójú wọn àti èyí tó burẹ́wà, wọ́n wá ń fi iná lésà ta wọ́n lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ìrora tí wọ́n ń wo èyí tó wù wọ́n mọ́ ò tó èyí tí wọ́n ń wo òbùrẹ́wà mọ́. Àmọ́ ẹ má tíì pariwo o, àwọn tí ara wọn le ni wọ́n lò, wọn ò sì pọ̀, lésà tó ta èèyàn fún ìṣẹ́jú àáyá kan ò jọ làkúrègbé ọdún mẹ́sàn-án. Èyí tó jọ tiyín ni ti Sacramento ní California. Mùsíọ́ọ̀mù Crocker ló wà ńbẹ̀, wọ́n kó èèyàn 54 tí ìrora ti ń bá fínra tipẹ́ wọlé, wákàtí kan ni ẹni tó ń mú wọn rìn fi bá wọn wo àwòrán tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, 57 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìrora òun dín kù, wọ́n sì tún ní àwọn ò rí ara àwọn bí ẹni tó dá wà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́? Yunifásítì Vienna ṣe tiwọn jáde ní 2022, àwọn èèyàn jókòó sílé wọn, wọ́n wo àwòrán Monet, ayàwòrán ará Faransé, lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ọkàn wọn balẹ̀ sí i, ìdánìkanwà náà sì fúyẹ́. Díẹ̀ ni o, kì í ṣe idán. Torí náà ọmọ yín ò purọ́ fún yín, ohun tó kù ni béèyàn ṣe ń wò ó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń gbé e gbòdì.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán òyìnbó. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn ló máa ń sọ pé òdòdó Monet, òdòdó Monet, ó dáa lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ mọ Ìtòkú, ọjà aláàdìrẹ, kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ fi òdòdó inú adágún Faransé ṣe? Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù British Museum tàbí ti V&A, mùsíọ́ọ̀mù London ni méjèèjì, ẹ tẹ “adire” síbi ìwárí, kò gbowó. Ẹ wá àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní “Ìbàdàn dùn” níbẹ̀, ẹ fi ìka méjì fà á kó tóbi, òpó gbọ̀ngàn Màpó n’Íbàdàn lẹ máa rí tí wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn, ẹ kà wọ́n. Ẹ wò ó bóyá ìyẹ́ adìyẹ ni obìnrin yẹn fi ya ẹ̀kọ lé aṣọ lórí àbí pátánnì ni wọ́n gbé lé e, torí ẹ ó rí i pé ọwọ́ tó ń fi ìyẹ́ yà á máa ń gbọ̀n díẹ̀ níbì kan, ìlà kan á sanra ju ìkejì lọ. Obìnrin tó ṣe é lè ti kú látọjọ́ pípẹ́, àmọ́ ẹ̀yin rèé tẹ́ ẹ̀ ń wo ibi tó ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn mi, bí ẹni pé ẹnì kan wọlé wá jókòó tì mí ni.

Lọ́jọ́ mìíì ẹ wo orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹ wo ìlà tó gba ojú ẹ̀ kọjá látòkè délẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ wá Tutu, Adétutù ọmọ ọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni wọ́n bá nínú fúláàtì kan ní London, wọ́n sì tà á lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ní 2018. Ẹ má wo ti owó yẹn, ọrùn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò àti bó ṣe gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ti wá mọ́ yín lára, Google Arts & Culture wà fún àwọn tó kù, láti 2011 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, Monet náà ń dúró dè yín ńbẹ̀.

Àwòrán kan lóòjọ́ o, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀ ń fi ìka gbá kọjá. Ẹ má gbé táábù lé itan kẹ́ ẹ máa tẹrí ba mọ́ ọn, ẹ fi pílò gbé e sókè kó bá ojú yín dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọrùn náà á bẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ ya sìkírínṣọ́ọ̀tì ẹ̀ kó má máa jẹ dátà yín.

Ti ìdánìkanwà ńkọ́? Ẹ padà wo ti Sacramento, wọn ò kàn dá wo àwòrán, wọ́n jọ ń sọ ọ́ ni. Torí náà iṣẹ́ ọmọ yín ò tíì parí síbi tó ti ra táábù. Lọ́jọ́ Sunday, tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ níbí, ọ̀sán ni ní Calgary, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kẹ́ ẹ ti yan àwòrán kan, kí òun náà yan tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa ròyìn ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ-ọmọ dá sí i, ẹ ṣe tíṣà fún wọn, ẹ bi wọ́n pé ṣíbí mélòó ni. Ẹ sì bá mi sọ fún un pé àwòrán ò ní kó má wálé ọdún o, mi ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Diclofenac yẹn ló dẹ́rù bà mí jù nínú lẹ́tà yín. Lílò ó lójoojúmọ́ láìsí dókítà ń dá egbò síni nínú, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lọ́jọ́ orí yín. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kẹ́ ẹ béèrè fisiotẹ́rápì fún orúnkún yẹn. Tí ẹsẹ̀ bá sì kú tìpìrì tàbí tí ìtọ̀ ò ṣe é dá dúró mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró wo àwòrán kankan.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ Mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Manchester ni mo wà, SS ni mí. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń dá mi dúró sí tí crisis bá dé, wọ́n lẹ àwòrán òdòdó àti etíkun kún ògiri ẹ̀, wọ́n ní ó ń tuni lára. Èmi, inú ló ń bí mi tí mo bá rí i. Ṣé èmi ni mo burú ni?

ÌDÁHÙN: O ò burú rárá, àbúrò. Ṣé o rántí pé àwọn ará Bari yẹn, ohun tó rẹwà lójú oníkálukú ni wọ́n ní kó yàn? Wọn ò bá ẹ yàn án, ìyẹn ló fi ń bí ẹ nínú. Èmi náà ò lè wo etíkun nígbà tí ẹ̀yìn mú mi, ṣe ló ń dà bí ẹni tó ń fi ìgbádùn yọ mí lẹ́nu.

Wá Frida Kahlo, ayàwòrán ará Mẹ́síkò. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro kọ lu bọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀ ní September 1925, ọ̀pá ẹ̀yìn, ìbàdí, ẹsẹ̀ ọ̀tún, gbogbo ẹ̀ ló dá. Orí ibùsùn ló ti gba bírọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé dígí sókè orí ẹ̀ kó lè máa rí ojú ara ẹ̀ yà, ìrora yẹn ò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1954. Ní 1944 ó ya ara ẹ̀, wọ́n là á láàárín, òpó òkúta tó ti fọ́ ló wà níbi tó yẹ kí ọ̀pá ẹ̀yìn wà, ìṣó kún gbogbo ara ẹ̀, omijé wà lójú ẹ̀, síbẹ̀ kò fajú ro, ìwọ gan-an ló tẹjú mọ́.

Mi ò ní kó o wò ó nígbà tí crisis bá ń jà o, àsìkò yẹn oògùn àti omi àti nọ́ọ̀sì ni. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ díẹ̀ ni, tó o ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó o bá wò ó tán kó o kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá inú tún bí ẹ.