Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Sáà Tuntun Ti Wọlé

Ìbéèrè: Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kátólíìkì tí ọmọ mi ń lọ ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi rẹ̀ wá, torí Kòmúníọ̀n Àkọ́kọ́. A ti kó kúrò ní àdúgbò tó ti ṣèrìbọmi. Ibo ni mo ti máa rí i? – Ìyá Ọmọ Ọdún Méje

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá wa. Ṣọ́ọ̀ṣì tó rì í bọmi ló ni àkọsílẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ ń lọ báyìí. Ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn: orúkọ ọmọ ní kíkún, ọjọ́ ìbí, orúkọ òbí méjèèjì àti ti òbí ìrìbọmi. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ ìrìbọmi, ẹ kọ oṣù àti ọdún. Orúkọ ló sábà ń dá a dúró: Tèrésà ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ mìíràn ní ilé-ìwé. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ọjọ́ ìbí tì í. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, torí ìyẹn ló ń ṣáájú Kòmúníọ̀n.

Ìbéèrè: Súwẹ́tà ọmọ mi ń sọnù ṣáá. – Bàbá Ọmọ Mẹ́ta

Ìdáhùn: Ẹ fi gègé tí omi kì í pa rẹ́ kọ orúkọ àti kíláàsì sínú ọrùn rẹ̀. “A.O.” nìkan kò tó; A.O. pọ̀ ní kíláàsì!