Èsì: Ṣé abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ lè gbẹ omi orí ọmọ mi?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Wàhídì. Ẹ ní ẹnì kan ní Kubwa ní kí ẹ fagi lé iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sanwó abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ (stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn nínú ara). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fagi lé e.

Omi tó yẹ kó máa ṣàn kúrò nínú ọpọlọ ni kò rọ́nà lọ. Ó ń fẹ àwọn yàrá inú ọpọlọ, ó ń na àwọn okùn tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ títí wọ́n á fi bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ kò lè ṣí ọ̀nà tó dí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé láti orí wọ inú ikùn ló ń fa omi yẹn, tàbí ihò kékeré tí wọ́n ń lu sí ìsàlẹ̀ yàrá ọpọlọ.

Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kì í ṣe irọ́ o. Nínú eku tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun dín ikú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kù. Wọn kì í sábà di ọpọlọ tuntun. Bíi nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń tu èyí tó fara gbọgbẹ́ lójú. Ní Gúúsù Kòríà, wọ́n gbé irú rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ fún ọmọ 9 tí oṣù wọn kò pé, tí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ wọn, èyí tó lè fa omi orí. 2018 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde. Bóyá kò léwu ni wọ́n ń wò, wọn ò tíì ń tà á. Ẹni tó ń tà á fún yín ńkọ́?

Tí ọmọ bá ń bì, tó ń sùn jù, tàbí ojú rẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn gan-an.